Ojú-Òpó Ìlú Wa Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta Ni Yóò Kọ́ Ọ, Ta Ni Yóò Sì Mú Kọ́kọ́rọ́?

(Àsọyé tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́)

Iṣẹ́ tí ẹ rán wa ni pé kí a wádìí bí ẹgbẹ́ ṣe lè ní ojú-òpó tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìná owó rẹpẹtẹ. Iṣẹ́ náà ni a wá jẹ́ yìí.

Àwọn kan ti bi wá pé kí ni ìlú fẹ́ fi ojú-òpó ṣe nígbà tí ọ̀nà oko kò tí ì dára. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù ti ń rìnrìn àjò. Nígbà tí ìjọba Ghana pàṣẹ ní oṣù November 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá ni ó gbé ẹrù karí wálé. Lẹ́tà àti ẹnu ẹni tí ó ń bọ̀ ni a fi ń gbúròó ara wa láyé ìgbà náà. Lónìí, ọmọ tí a bí sí Abidjan tàbí London kì í dúró de lẹ́tà. Orúkọ ìlú bàbá rẹ̀ ni yóò tẹ̀ sínú Google, ohun tí ó bá sì rí níbẹ̀ ni yóò gbà gbọ́.

Kí ni yóò rí? Bí ó bá tẹ Òkukù láìfi àmì sí i, ó lè bá ara rẹ̀ ní Okuku mìíràn tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Cross River. Ìwé tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lórí oríkì Òkukù, Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ ọ́ ní 1991, lẹ́yìn tí ó ti gbé láàrin wọn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí á máa fi ìtọ́jú ẹrù ilé wa sílẹ̀ fún àlejò nígbà gbogbo. Ogun Jálumi jà ní Ìkìrun ní 1878. Ẹ bi àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa léèrè ibi tí ó ti jà, ẹ ó gbọ́ ìdáhùn tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín tí yóò sì dùn yín.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà. Ojú-òpó dà bí ilé. Ó ní ilẹ̀ tí a kọ́ ọ lé, èyí ni orúkọ tí àwọn ènìyàn yóò máa tẹ̀ láti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní àyè tí a ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, nínú kọ̀ǹpútà ńlá tí kì í sùn. Lẹ́yìn náà ni ó tó kan bíríkìlà, ẹni tí yóò kọ́ ọ. Bíríkìlà ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wá, àṣìṣe ibẹ̀ sì ni pé ilẹ̀ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ rà.

A mọ ẹgbẹ́ ìlú kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ó gbé gbogbo iṣẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ó ṣe é, ó sì dára. Ṣùgbọ́n orúkọ ara rẹ̀ ni ó fi forúkọ ojú-òpó náà sílẹ̀, ìméèlì tirẹ̀ ni ìwé owó ń bá lọ. Nígbà tí ó di ọdún kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti lọ sí òkè òkun, kò sì sí ẹni tí ó sanwó. Ojú-òpó kú. Àwòrán àwọn àgbà tí wọ́n ti papò dà wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀dà wọn níbòmíràn. Kò jalè o. Kò sí ẹni tí ó bá a ṣe àdéhùn ni.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ra orúkọ. Àjọ NiRA ni ó ń bójú tó gbogbo orúkọ tí ó parí sí .ng, èyí tí ó sì parí sí .org.ng ni ó bá ẹgbẹ́ bíi tiwa mu. A lè rà á lọ́wọ́ àwọn aṣojú wọn ní náírà. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náírà yìí. Ní oṣù June 1923 kọ́ ni a ń sọ, 2023 ni: nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan kò tí ì tó 500 náírà, kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tí ó ti gbà láti máa san dọ́là lọ́dọọdún rí i pé owó rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta láìfi bíríkì kan kún ilé.

Ní ti òṣìṣẹ́, ọjà wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fiverr bẹ̀rẹ̀ ní 2010 pẹ̀lú iṣẹ́ tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là márùn-ún. Upwork gba orúkọ tí ó ń jẹ́ ní 2015, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ méjì ti di ọ̀kan. A ó kọ iṣẹ́ wa síbẹ̀, àwọn agbaṣẹ́ṣe láti India, Pakistan tàbí Ìbàdàn níhìn-ín yóò sì dá iye wọn. Ohun tí ó wù wá jù nínú ètò Upwork ni pé a lè pín iṣẹ́ sí abala. Owó abala kan yóò wà lọ́wọ́ alárinà, kò ní dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ títí a ó fi wo iṣẹ́ náà. Ìràwọ̀ tí àwọn oníbàárà fi yìn ín nìkan kò tó. Kí a ṣí ojú-òpó mẹ́ta tí ó ti kọ́ rí, lórí fóònù kékeré, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti lágbára, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa yóò ṣe ṣí tiwa.

Bí ọmọ ìlú bá wà tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí a gbé e fún un. Síbẹ̀ kí a kọ ìwé. Ọ̀rọ̀ “ọmọ wa ni” ti ba iṣẹ́ jẹ́ ju olè lọ ní ilẹ̀ yìí: a kì í bá ọmọ wa kọ àdéhùn, a kì í sanwó ọmọ wa lásìkò, a kì í sì lè bá ọmọ wa wí níwájú ìyá rẹ̀.

Kí ó lo WordPress. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 2003, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n pọ̀, bí ẹni àkọ́kọ́ bá lọ, ẹlòmíràn lè gbà á ṣe. Ẹni tí ó bá ní òun yóò ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì kọjá.

Èdè wa ńkọ́? Agbaṣẹ́ṣe tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Àwọn ìrísí lẹ́tà kan wà tí wọn kò lè gbé àmì àti ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ wa; àpótí òfìfo ni yóò hàn. Kí a fi gbólóhùn kan tí ó kún fún àmì ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí á tó gbà á síṣẹ́. Oríkì tí a kọ láìsí àmì, ọmọ tí a bí sí London kò lè kà á, ẹni tí ó bá sì kà á lè bú bàbá rẹ̀ láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí yóò wà nínú rẹ̀, àwa ni a ó kọ ọ́. Àwa olùkọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ tí a kò là yé ọmọ, a kò gbọdọ̀ fi ẹgba béèrè rẹ̀. Kí ìtàn ìlú, ètò oyè àti àwòrán ti pé kí á tó pe òṣìṣẹ́, kí àwọn ìdílé tí ọ̀rọ̀ kàn sì ti kà á, nítorí orúkọ ọba kan tí a fò lè dá ìjà sílẹ̀ tí ẹni tí ó wà ní India kò ní bá wa parí. Kí a má ṣe kó nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ síta. Òfin ìdáàbòbò ìwífún ti 2023 kò fàyè gba bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ wọn.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí títì kan náà gba inú wọn kọjá, para pọ̀ gba agbaṣẹ́ṣe kan. Ilé mẹ́ta tí a kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kì í wọ́n tó ilé mẹ́ta tí a kọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè orúkọ ìlú tí yóò ṣáájú.

Ìwé àdéhùn tí a kọ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Àyè méjì ni ó ṣì ṣófo nínú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ yìí: orúkọ àwọn ènìyàn méjì tí ọ̀rọ̀ ìwọlé yóò wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lẹ́yìn odi. A bẹ̀ yín kí ẹ yàn wọ́n kí ìpàdé òní tó túká.