Ire, Owe, Obi: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Jọ Tiwa

  

Ẹ jẹ́ ká to lẹ́tà mẹ́ta sórí pátákó Scrabble, eré tí a ti ń fi lẹ́tà to ọ̀rọ̀ gba máàkì: I, R, E. Máàkì mẹ́ta péré ni. Ọmọ Yorùbá tó bá rí i yóò ní ohun rere ni, ire. Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìbínú ni. Owe, tó jọ òwe wa, jíjẹ gbèsè ni lọ́dọ̀ wọn. Ewe kì í ṣe ewé, abo àgùntàn ni. Ode kò sí lóde, ewì tí wọ́n fi ń ki ènìyàn tàbí nǹkan ni. Obi kì í ṣe obì tí à ń pa, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òbí tó bí wa: ọ̀já fífẹ̀ tí àwọn ará Japan ń dì mọ́ ìbàdí lórí kimono ni. Ado náà ńkọ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orúkọ òpópónà Addo tí a ń gbà ní Ajah níhìn-ín? Ariwo àti kìràkìtà ni.

Kò sí idán níbẹ̀. Fáwẹ́lì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ wa fi ń bẹ̀rẹ̀, fáwẹ́lì náà ni wọ́n sì fi ń parí. Nínú 100 ègé lẹ́tà tó wà nínú àpò Scrabble, 42 ni fáwẹ́lì. Ìgbà tí wọ́n bá kún ọwọ́ ẹni ni irú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń gbani. Ojú ọmọ wa ti mọ ìrísí wọn tẹ́lẹ̀. Ìtumọ̀ ló kù.

Ibi tó ti le ni cwm, àfonífojì, àti crwth, ohun èlò orin olókùn ti àtijọ́. Èdè Welsh ni méjèèjì ti wá. W ló ń ṣe iṣẹ́ fáwẹ́lì níbẹ̀, bí n ṣe ń gba ohùn fúnra rẹ̀ nínú “ó ń bọ̀”. Ẹni tó bá gbọ́ “ó ń bọ̀” kò yẹ kó bẹ̀rù cwm.

Alfred Butts, ayàwòrán-ilé ará Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ló dá eré yìí sílẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939. Ó ka lẹ́tà inú ìwé ìròyìn kó tó mọ èyí tó pọ̀ àti èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyẹn tí Q fi jẹ́ ẹyọ kan, tó sì gba máàkì 10. Qi, èémí ìyè lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, ló máa ń yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ní ìlú Perth ní Australia, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, na Lewis Mackay ará Britain ní 4-0, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé Scrabble èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ipò kẹta ló wà ní Mumbai lọ́dún 2007.  Lára ohun tó tò ní àṣekágbá ti Perth náà ni felty, máàkì 36: ohun tó rí bí aṣọ irun tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ láìhun. Àwọn eléré tiwa ní Nàìjíríà kì í sáré lé ọ̀rọ̀ gígùn lásán, torí ó lè ṣílẹ̀kùn fún alátakò.

Àwa náà ti yá wọn lọ́rọ̀. Oba wà nínú ìwé wọn, máàkì márùn-ún. Dàńṣíkí tí àwa gbà lọ́wọ́ Haúsá di dashiki, tí àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà fi ṣe aṣọ ìyì láàárín ọdún 1960 sí 1969: máàkì 15, àti 50 lórí rẹ̀ fún lílo lẹ́tà méjèèje tó wà lọ́wọ́ ẹni lẹ́ẹ̀kan náà.

Òfin eré kò béèrè ìtumọ̀. Èmi ń béèrè rẹ̀. Bí ọmọ yín bá to ire lálẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í ohun tó jẹ́ ní èdè méjèèjì kí ẹ tó kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀.