Àtùpà àti Òṣùwọ̀n

Ọ̀rọ̀ wa lónìí wà nínú Ìhìn Rere Mátíù, orí karùn-ún, níbi tí Olúwa wa ti pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀. Kò ní ìmọ́lẹ̀ ìdílé wọn ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ti ìlú wọn. Ó ní ti ayé. Nítorí náà, ẹni tí ó fi ilé sílẹ̀ lọ sí ìdálẹ̀ kò fi iṣẹ́ yìí sílé. Ó gbé e lọ́wọ́ ni.

Níhìn-ín ní Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè gbé pàdé, ará ìdálẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ tan iná ìgbàgbọ́. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ni a kó lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì mú un lọ sí Sàró. Ní 1841 ó bá àwọn òyìnbó wọ Odò Ọya. Ibà pa bí ogójì nínú wọn, oko tí wọ́n dá sí ẹ̀bá ibi tí a wà yìí sì di àpatì. Síbẹ̀ Crowther padà wá ní 1854, nígbà tí lílo kúnínì jẹ́ kí gbogbo èrò inú ọkọ̀ padà láàyè. Ní 1857 iṣẹ́ ìhìn rere bẹ̀rẹ̀ ní Gbebe, ní òdìkejì odò. Nígbà tí ogun sì ba ìlú náà jẹ́ ní 1866, iṣẹ́ náà kó wá sí Lọ́kọ́jà.

Ọkùnrin yìí ni ó kọ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a tẹ̀ ní 1843, ó sì kópa tí ó ga jù lọ nínú ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kí gbogbo ayé wá gbọ́ Yorùbá kí wọ́n tó gbọ́ ti Kristi. Ó ṣe ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ní èdè Ìgbò ní 1857, ó sì ṣe ìwé gírámà èdè Núpé ní 1864. Ẹ̀yin ará, ìmọ́lẹ̀ tí a tàn sáàárín ara wa nìkan, abẹ́ òṣùwọ̀n ni ó ṣì wà. A mọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n ǹjẹ́ a mọ orúkọ ará Ígálà tàbí Ẹ̀bìrà tí ògiri rẹ̀ kan tiwa? Ǹjẹ́ a lè kí i ní èdè rẹ̀ bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́?

Kí sì ni òṣùwọ̀n yìí? Ohun tí a fi ń wọn oúnjẹ lọ́jà ni. Ó yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, pé kóńgò tí a tẹ ìdí rẹ̀ wọnú lè bo àtùpà onígbàgbọ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹni tí kò jẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ ní ìlú baba rẹ̀, nítorí ojú tí ó mọ̀ ọ́n, lè dé ìdálẹ̀ kí ó máa wí pé, “Ta ni ó mọ̀ mí níhìn-ín?” Àwọn àgbà wa ti dáhùn: Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe.

Ìtàn Odò Ọya kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ìwà àìtọ́ àwọn kan nínú àwọn ará Sàró tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ di ẹ̀sùn sí gbogbo wọn lọ́rùn. Ní 1890, àwọn òyìnbó ajíhìnrere kan fi ìkánjú ṣèdájọ́, wọ́n lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kúrò, aláìṣẹ̀ sì bá ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ. Bíṣọ́ọ̀bù arúgbó náà fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891. Ẹni tí ń hùwà ìkọ̀kọ̀ ń ṣókùnkùn sí ọ̀nà ẹlòmíràn. Ẹni tí ń fi ìkánjú dáni lẹ́jọ́ náà ń pa àtùpà.

Kí ni kí a ṣe? Kí a san owó alágbàṣe kí oòrùn tó wọ̀. Kí òṣùwọ̀n wa pé. Nígbà tí omi ya wọ ìlú yìí ní 2012 àti ní 2022, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìjọ tàbí èdè rẹ̀ kí ó tó wọ ilé rẹ̀. Bí omi bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìparun, kí ni ó dé tí àánú wa yóò fi máa béèrè? Kí ilẹ̀kùn wa ṣí fún ẹni tí kò bá wa jọ́sìn.

Kí a sì ṣe é láìpariwo. Àtùpà kì í pe orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀nà ni ó ń fi hàn. Bí àwọn ènìyàn bá rí iṣẹ́ rere wa, Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run ni ògo yẹ.

Kí Olúwa bu òróró sí àtùpà yín, kí ó má ṣe kú mọ́ yín lọ́wọ́ ní ìdálẹ̀. Àmín.