Kí Ọmọ Tó Mú Sáyẹ́ǹsì, Áàtì Tàbí Kọ́mẹ́sì



Bí ọmọ bá ṣe JSS3 tán, ìpinnu dé nìyẹn: ṣé sáyẹ́ǹsì ni, áàtì ni, àbí kọ́mẹ́sì? Ilé kan á ní dókítà dandan. Òmíràn á ní kó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ṣòwò ní Àbíjáǹ. Ta ló bi ọmọ léèrè?

Ibẹ̀ ni ìdánwò ẹ̀bùn ti wúlò. Kò sí yíyege, kò sí fífìdírẹmi. Ó ń wo bí ọmọ ṣe ń fi nọ́ńbà ronú, bó ṣe ń lo èdè, àti bó ṣe lè fojú inú rí bí ẹ̀rọ tàbí ilé ṣe tò pọ̀. Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé á wá gbé èsì náà yẹ̀ wò pẹ̀lú ohun tí ọmọ fẹ́ràn àti máàkì rẹ̀.

Ìdámọ̀ràn lórí iṣẹ́ ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní 1959, àwọn sísítà Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Ìbàdàn, pe oníṣẹ́ oríṣiríṣi wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òbí, èsì ìdánwò kì í ṣe àṣẹ. Ó kàn ń lani lójú ni. Bó bá fi hàn pé iṣẹ́ ọ̀gbìn bá ọmọ yín mu, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀: Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀ ní Èjìgbò níhìn-ín. Kí ọmọ tó wọ SS1, ẹ mú un lọ bá olùdámọ̀ràn, kí ẹ sì gbọ́ tẹnu rẹ̀.