Ìsìn Ìdílé pẹ̀lú Àwọn Ọmọdé ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ìsìn ìdílé ni ìpéjọ kúkurú tí àwọn ará ilé tí ó jẹ́ Kristẹni máa ń ṣe ní ìdájí kí oníkálukú tó jáde, tàbí lálẹ́ kí wọ́n tó sùn. Wọn a kọrin, wọn a ka Bíbélì, wọn a gbàdúrà. Àwọn kan ń pè é ní àdúrà ilé, àwọn mìíràn ń pè é ní pẹpẹ ìdílé. Kò dúró de àlùfáà, bẹ́ẹ̀ ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ni ó ń pe ènìyàn sí i. Ìwé Deuteronomi orí 6 ti pa á láṣẹ fún òbí pé kí ó máa bá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú ilé àti lójú ọ̀nà, ní àkókò ìdùbúlẹ̀ àti ní àkókò ìjí. Pọ́ọ̀lù náà kọ ọ́ sí Timoteu pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti wà lára ìyá ńlá rẹ̀ Loisi àti ìyá rẹ̀ Eunike kí ó tó kan Timoteu fúnra rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ̀sìn Kristẹni pẹ́ kí ó tó wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tí ó wọlé tán, ó yára gbilẹ̀. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti ní ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí Ìjẹ̀bú ṣì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Ogun Ìmàgbọ̀n ọdún 1892, níbi tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti borí Ìjẹ̀bú, ni ó ṣí ilẹ̀kùn náà tipátipá. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ya sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀sìn tuntun náà àti ìwé kíkà jọ rìn ni. Oníbúkù, ìyẹn oníwèé, ni àwọn ará Yorùbá ń pe onígbàgbọ́ ní ayé ìgbà náà. Odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá láti ọdún 1884, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ a-b-d ni ó lè kà á. Bàbá àti ìyá a jókòó, ọmọ a sì kàwé sí wọn létí. Ó yẹ kí àwọn tí ń darí ìsìn ìdílé lónìí fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹnu ọmọdé wà nínú ìsìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé tí ọmọ bá ti di olùgbọ́ lásán ti pàdánù ohun ńlá.

Ìtàn mìíràn wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1918, nígbà tí àrùn ọ̀fìnkìn burúkú tí ó jà káàkiri ayé dé ilẹ̀ Yorùbá, ẹgbẹ́ àdúrà kan wà nínú ìjọ St. Saviour tí Joseph Ṣadare, alágbẹ̀dẹ wúrà, ń darí. Sophia Ọdúnlàmí, olùkọ́ ní Ìsonyìn, dara pọ̀ mọ́ wọn. Òun ni ó ń kéde pé kí àwọn ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé àdúrà àti omi òjò fún ìwòsàn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni a mọ̀ wọ́n sí. Ní ọdún 1922 wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, lára ohun tí ó sì fa ìyapa náà ni pé wọn kò fara mọ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Inú ìṣísẹ̀ yìí ni ìjọ Christ Apostolic ti wá jáde nígbà tí ó yá.

Àríyànjiyàn lórí ìrìbọmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn àlùfáà nìkan. Nínú ìjọ Áńgílíkà, òbí àti àwọn onígbọ̀wọ́ ni ó ń jẹ́jẹ̀ẹ́ lórúkọ ọmọ pé àwọn yóò tọ́ ọ nínú ìgbàgbọ́. Nínú àwọn ìjọ tí kì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, ọmọ yóò dàgbà kí ó tó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò jẹ́wọ́. Ọ̀nà méjèèjì já sí pálọ̀ ilé.

Fún ìgbà pípẹ́, ilé-ìwé míṣọ́n gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ kíkọ́ ọmọ ní ìgbàgbọ́ fún òbí: orin àárọ̀, katikísímù, ẹsẹ àkọ́sórí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955 kó ọmọ púpọ̀ sí i wọ ilé-ìwé. Nígbà tí ìjọba wá gba àwọn ilé-ìwé náà ní àwọn ọdún 1970, ọwọ́ ìjọ kò tó ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ òbí kò fura pé ẹrù náà ti padà sí orí àwọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí òbí tí ó fẹ́ gbé ẹrù náà yóò rò ni àkókò. Ìdájí dára, ṣùgbọ́n ilé tí ìyá ti gbọ́dọ̀ tètè dé ọjà, tí ọkọ̀ ilé-ìwé sì ń fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà, kò lè rí ìfọ̀kànbalẹ̀ nígbà náà. Kí irú ilé bẹ́ẹ̀ yan alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, kí oorun tó gbé àwọn kékeré. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ilé tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Ìsìn kúkurú tí a ń ṣe lójoojúmọ́ sàn ju èyí tí ó gùn dé wákàtí kan tí a ń ṣe nígbà tí ó bá wu bàbá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Ìjẹ̀bú, bàbá ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ọjọ́ Ẹtì ni ó ń wálé. Ìyá tàbí ìyá àgbà ni kí ó máa darí, kí a má sì sọ ọ́ di adelé ní ojú ọmọ. Loisi àti Eunike kò ṣe adelé fún ẹnikẹ́ni.

Nínú kíkà ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Kí ọmọ tí ó bá ti mọ̀wé ka ẹsẹ mélòó kan, kí àgbà ka ìyókù. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kò ní àmì ohùn tó pọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan sì ti ṣàjèjì sí ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá a sọ nílé. Bí ó bá kọsẹ̀, kí a má rẹ́rìn-ín. Kí àgbà kà á ṣáájú, kí ọmọ tẹ̀ lé e. Àlàyé lè wáyé ní ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú tí ìyá àgbà ń sọ. Lẹ́yìn ìwé kíkà, ìbéèrè ṣàǹfààní ju ìwàásù lọ. Bí a bá ka ìtàn ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n mú lẹ́rú lọ sí ilé Naamani, nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 5, kí a bi ọmọ pé: ta ni ó sọ̀rọ̀? Kí ló dé tí ó fi wá ire fún ẹni tí ó mú un lẹ́rú? Ìwọ ń kọ́? Kí a dúró kí ó dáhùn.

Orin náà gba ìrònú. Ọ̀pọ̀ orin inú ìwé orin jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí ohùn òkèèrè, tí ohùn náà sì ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. Josiah Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin ìyìn tí ó bá ohùn èdè mu, ó sì gbà wọ́n sílẹ̀ sínú àwo ní London ní ọdún 1922. Orin tí ọmọ lóye ni kí a kọ́kọ́ kọ́ ọ. Àtẹ́wọ́ tó fún ìlù.

Àdúrà ni àwọn àgbà ti sábà máa ń ṣì lò. Òbí a di ojú, a máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ sí etí gbogbo ilé: Olúwa, bá mi yí ọkàn ọmọ yìí padà, kí ó yé purọ́. Ìbáwí ni ìyẹn, àyè rẹ̀ sì wà níbòmíràn. Ọmọ tí a bá fi àdúrà nà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún àdúrà. Kí ó gbàdúrà fúnra rẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ lórí ìdánwò àti ajá tí ń ṣàìsàn.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí Ìjẹ̀bú ni Mùsùlùmí àti Kristẹni ti jọ wà. Gbogbo wọn ni ó ń pàdé ní ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọmọ yóò béèrè ìdí tí bàbá àgbà fi ń kírun. Kí a dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí a sì máa dárúkọ bàbá àgbà sí rere nínú àdúrà náà.

Bí ọmọ bá tó ọdún méjìlá, kí a máa fún un ní ọjọ́ tirẹ̀ láti darí, kí ó yan orin, kí ó yan ibi tí a óò kà. Èyí tí ó bá sì sọ pé òun kò fẹ́ gbàdúrà sókè mọ́, kí a jẹ́ kí ó jókòó ti àwọn yòókù, kí a má lé e, kí a má sì fipá mú un sọ̀rọ̀.