Ìdí tí Iná Mànàmáná Kò Fi Gba Inú Àwọn Ohun Kan Kọjá

A máa ń gbọ́ ìbéèrè yìí: kí ni ó dé tí bàbà fi ń jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá, tí ọ̀pọ̀ ohun mìíràn kò sì gbà fún un?

Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ohun kíkéré jọjọ, ni ó ń gbé iná náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìṣáájú wí pé bí ibùgbé wọn bá kún, wọn kò ní rí ọ̀nà rìn. Bí àyè bá ṣẹ́kù, wọn yóò rìn. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ní ọdún 1937, ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, de Boer àti Verwey fi hàn pé níkẹ́ẹ̀lì tí ó dàpọ̀ mọ́ ọ́síjìn ní àyè nínú, síbẹ̀ iná kò gba inú rẹ̀ kọjá. Peierls àti Mott tọ́ka sí ìdí rẹ̀: àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù a máa ti ara wọn sẹ́yìn. Bí ó bá nira jù fún wọn láti jùmọ̀ wà lójú kan, olúkúlùkù a dúró sí ipò rẹ̀.

Ní 1985 ni a rí mólékù kan tí 60 átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù parapọ̀ di, tí ó rí bí bọ́ọ̀lù. Bí a bá po pòtásíọ́ọ̀mù mọ́ ọn, pòtásíọ́ọ̀mù a fún un ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ẹ kà á sí ilé oníyàrá mẹ́ta tí ó dọ́gba, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì sì lè wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́ta bá wọlé, iná a kọjá. Kódà ní 1991, a rí i pé nínú òtútù líle, ní nǹkan bí 19 kelvin, kò sí ìdíwọ́ kankan fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá di mẹ́rin, àyè méjì ṣì ṣófo, iná kò sì kọjá mọ́!

Ilé náà ni ó yí padà. Jahn àti Teller ti wí ní 1937 kan náà pé irú mólékù bẹ́ẹ̀ kì í lè dúró láìtẹ̀. Ó tẹ̀ díẹ̀, yàrá méjì rẹlẹ̀, ẹ̀kẹta ga. Mẹ́rin náà sì pín ara wọn ní méjì méjì sí ìsàlẹ̀. Mẹ́ta kò lè pín bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá fẹ́ ṣí lọ yóò bá mẹ́rin mìíràn tí yóò tì í sẹ́yìn, yóò sì da ètò ilé méjèèjì rú. Nítorí náà kò lọ.

Bí ẹnìkan bá fi gbogbo rẹ̀ sọ́rùn títẹ̀ nìkan, àwa kò gbà, nítorí títẹ̀ náà kéré púpọ̀. Bí ó bá sì ní títì-ara-ẹni nìkan ni, mẹ́ta pàápàá ń ti ara wọn, síbẹ̀ wọ́n ń rìn. Àwọn méjèèjì ni ó pawọ́ pọ̀.

Bí a bá sì fi sísíọ́ọ̀mù, tí ó tóbi ju pòtásíọ́ọ̀mù lọ, rọ́pò rẹ̀, àwọn bọ́ọ̀lù a jìnnà síra, mẹ́ta pàápàá kò sì lè rìn mọ́. Ní 2008 wọ́n fún irú rẹ̀ kan pọ̀ gidigidi títí bọ́ọ̀lù fi sún mọ́ bọ́ọ̀lù, wọ́n sì mú un tutù dé 38 kelvin: iná tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, láìsí ìdíwọ́ kankan.