Ọmọ Tí Kò Lè Bá Ẹgbẹ́ Yan

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa)



Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, ọ̀pọ̀ yín lè máa retí pé òrùlé kíláàsì tí ń jò ni a ó mẹ́nu bà. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan ni a fẹ́ sọ lónìí, àti ẹ̀bi tí ó wà lọ́rùn àwa fúnra wa.

Ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tí ìṣirò kò ṣòro fún. Bí ẹ bá ní kí ó ka orúkọ àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú irin láti Ìddó títí dé Kano, kò ní fo ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí a bá dé pápá, ọ̀rọ̀ a yí padà. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbé ẹsẹ̀ òsì, ọ̀tún ni tirẹ̀. Bí a bá ju bọ́ọ̀lù sí i, bọ́ọ̀lù a ti ba àyà rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dìde. Bí ó bá ń sáré, apá rẹ̀ méjèèjì a le gbagidi bí igi. Bí a bá fọn fèrè, a fi ọwọ́ di etí.

A ní alágídí ni. Ní ọjọ́ kan tí a ń múra eré ìdíje, a mú un jáde kí òun nìkan ó yan níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ó yan. Gbogbo ilé-ìwé bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, inú rírun ni ní gbogbo ọjọ́ eré. Nígbà tí ó yá, kò wá mọ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́yìn ìlú ni ó ń jókòó sí títí ilé-ìwé yóò fi jáde.

Ìyá rẹ̀ wá bá wa. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú. Ọmọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Bọ́tìnnì ẹ̀wù tí ẹ ń rí lọ́rùn rẹ̀ yẹn, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti ń dè é, kí ó má baà pẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín.” A kò rí èsì fún un.

Kò sí dókítà tí ó yẹ ọmọ náà wò, nítorí náà a kò lè fi orúkọ kan pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka ìwé lórí ohun tí a ń pè ní Asperger, ó dà bí ẹni pé ìtàn ọmọ náà ni a ń kà.

Hans Asperger jẹ́ dókítà ní ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Austria. Ní ọdún 1944, ó kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu wọn, tí òye wọn sì jinlẹ̀ nínú ohun tí wọ́n fẹ́ràn, ṣùgbọ́n tí bíbá ẹgbẹ́ ṣe kò rọrùn fún. Ọ̀kan nínú wọn mọ ìṣirò dáadáa, ṣùgbọ́n nídìí eré ìdárayá, kò lè tẹ̀lé àṣẹ olórí, kò sì lè bá àwọn yòókù rìn lọ́gbọọgba. Ìwé tí Lorna Wing, dókítà obìnrin ará Ìlú Ọba, kọ ní 1981 ni ó mú kí orúkọ náà tàn kálẹ̀. Ní 2013, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kó o pọ̀ mọ́ ọ́tísíìmù. Ní 2018, ìwádìí òpìtàn Herwig Czech fi hàn pé Asperger fi àwọn ọmọ kan ránṣẹ́ sí ibi tí àwọn Násì ti ń pa ọmọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kò fi fẹ́ orúkọ náà mọ́. Orúkọ lè yí padà. Ọmọ kò yí padà.

Ẹ di ojú yín, kí ẹ fi ìka kan imú. Ta ni ó sọ ibi tí imú wà fún ọwọ́? Oríkèé àti iṣan ara ni ó ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ láìdákẹ́, inú etí sì ń sọ fún un bí a bá ń yẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀, bí kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo wọn, iṣẹ́ tí a rán àti ìṣe tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e kì í tètè bára mu. Ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe láìronú, ríronú ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì ń rẹ̀ wọ́n. Láti mú bọ́ọ̀lù kan, ojú ní láti wò ó, ọpọlọ ní láti díwọ̀n ìyára rẹ̀, ọwọ́ ní láti là kí ó sì pa dé, kí a tó ṣẹ́jú. Ẹ wá fi ìlù, fèrè àti ẹ̀rín kún un. Ṣé pàṣán ni yóò tún un ṣe?

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí ní kí ọmọ jókòó sílé, nítorí ara òun náà nílò eré. Ọ̀nà ni kí a yí padà. Kí olùkọ́ ó pa àṣẹ kan lẹ́ẹ̀kan. Kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ, kí àwọn méjèèjì kọjú sí ibì kan náà, kí òsì má baà dà bí ọ̀tún. Kí a fi bọ́ọ̀lù ńlá tí ó rọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí a kọ́kọ́ máa yí i nílẹ̀. Kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ó pín ẹgbẹ́, kí ọmọ kan má ṣe dúró títí tí a ó fi ṣà á gbẹ̀yìn. Ìrìn jíjìn àti eré sísá láìbá ẹnikẹ́ni díje a máa bá ọ̀pọ̀ wọn lára mu.

A ti dán an wò. Ọmọbìnrin kan wà tí kò lè fo okùn. A tẹ́ okùn sílẹ̀, ó ń fò ó kọjá. Lẹ́yìn èyí a ń mì í díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a tó jù ú sókè. Ní ìparí táàmù, ó fò ó lẹ́ẹ̀mẹrin kí okùn tó kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fò ó lógójì ìgbà. Ó wò wá, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n tún un fò, sà.”

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ yìí pé nínú eré ìdíje ọdún tí ń bọ̀, kí a fi ẹ̀bùn kan sílẹ̀ fún ọmọ tí ó bá ṣe ju bí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. A bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ pé àwọn ayé ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, tí dókítà ti yẹ ọmọ yín wò, ẹ kọ̀wé sílé, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí kọ́ fún wa.

Ọmọ tí a fi ṣẹ̀sín ti dàgbà, ó sì ti kúrò nílùú. Bí ìwé yìí bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ níbi tí ó wà, kí ó mọ̀ pé olùkọ́ rẹ̀ ń tọrọ àforíjì.

Ìlú wa yóò máa tẹ̀ síwájú o.