Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Erékùṣù St. Helena

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ wa ní alẹ́ yìí jẹ́ ti erékùṣù kékeré kan tí ó dá wà láàárín Òkun Àtìláńtíìkì. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí máìlì 10 lọ, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí máìlì 5.

Nígbà tí àwọn Potogí rí i ní ọdún 1502, kò sí ènìyàn kan níbẹ̀. Àgbẹ̀ àkọ́kọ́ tí a gbúròó rẹ̀ ni Fernão Lopes, ọmọ-ogun tí ọ̀gá rẹ̀ ti gé ní ọwọ́ ọ̀tún, etí àti imú nítorí pé ó lọ dara pọ̀ mọ́ ọ̀tá. Láti nǹkan bí ọdún 1516 ni ó ti ń dá gbé ibẹ̀, tí ó ń gbin èso àti ẹ̀fọ́, àwọn atukọ̀ tí ń kọjá a sì máa jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tí a tú sílẹ̀ pọ̀ sí i, wọ́n jẹ èéhù igi run, òjò sì gbá ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ.

Ní ọdún 1659 ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà. Ẹrú ni wọ́n fi ń ro oko, ọkọ̀ òkun sì ni ọjà wọn. Nígbà tí a ṣí odò tí a gbẹ́ ní Súẹ́sì ní ọdún 1869, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gba ibòmíràn lọ. Ta ni yóò tún ra ẹ̀fọ́ wọn?

Nígbà náà ni wọ́n yí sí ọ̀gbọ̀ New Zealand, tí a ń fi fọ́nrán ewé rẹ̀ ṣe okùn. Iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1874 kò pẹ́ tí ó fi kùnà. Ṣùgbọ́n èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1907 yọrí sí rere, ọ̀gbọ̀ sì bo orí òkè. Àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ń fi okùn rẹ̀ di ìwé, wà nínú àwọn oníbàárà ńlá wọn. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí yàn okùn àtọwọ́dá dípò rẹ̀, ọjà bàjẹ́. Ní ọdún 1966 ilé iṣẹ́ ọ̀gbọ̀ tí ó kù ti ìlẹ̀kùn. Títí di òní, ọ̀gbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rà ṣì wà lórí òkè.

A kò dá ẹni tí ó gbin ohun títà lẹ́bi, nítorí owó ọ̀gbọ̀ bọ́ ọmọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí olúkúlùkù tí ó ní oko bi ara rẹ̀ pé: bí ẹni tí ń ra irè mi kò bá wá ní ọdún tí ń bọ̀, kí ni àwọn ọmọ mi yóò jẹ nínú ilẹ̀ yìí?